Ohùn Bàbá Inú Kọ̀ǹpútà

"Láti òní lọ, ohùn Bàbá ò ní kú mọ́!"

Adéoyè ló ń sọ̀rọ̀. Ó fọwọ́ lu àyà, ó tún fọwọ́ lu orí kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì pálọ̀ bí ẹni tó ń gbóríyìn fún ẹṣin. "Ẹni tó bá wà ní yàrá, á gbọ́ ọ lórí fóònù. Ẹni tó bá wà ní kíṣìnnì, á gbọ́ ọ. Bó bá ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ wà, ẹ lóṣòó jẹ́jẹ́ yín, Bàbá á máa gbàdúrà fún yín níbẹ̀! Kò sí wáyà, kò sí dátà. Linux ni mo fi ṣe é, kì í ṣe Windows tí gbogbo ayé ń rọ́ gììrì lò."

Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde ni, ní Ìkòlé. Bọ́sẹ̀dé, àkọ́bí ilé, ti Èkó dé. Babáfẹ́mi, àbíkẹ́yìn, ti Ìbàdàn dé, òun àti Olúwatóyìn, ìyàwó tó gbé lọ́dún tó kọjá. Ọmọ Ọ̀tùn ni ìyàwó náà, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló sì ń ṣe ní Ìbàdàn. Adéoyè tó wà láàárín, tó ti lọ kàwé ní ìlú mìíràn kó tó padà wálé, ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní kọ̀ǹpútà nílùú, òun ló ń bá Màmá gbé. Màmá fúnra wọn jókòó sórí àga Bàbá, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà.

"Ohùn wo lẹ ní ẹ fẹ́ gbọ́?" Màmá bèèrè. "Ṣé rédíò yẹn..."

"Ẹ fara balẹ̀, Màmá," Adéoyè dáhùn. "Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

Nígbà ayé Bàbá, bí ọmọ kan bá fẹ́ kúrò nílé, Bàbá á gbé rédíò alákásẹ́ẹ̀tì wọn wọ yàrá, wọn á tìlẹ̀kùn, ará ilé á máa gbọ́ tí wọ́n ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́. Bí wọ́n bá jáde, wọn á fi kásẹ́ẹ̀tì kan lé ọmọ náà lọ́wọ́, orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀. "Bí àárò ilé bá sọ ọ́, fi èyí sínú rédíò." Nígbà tí Bàbá sì ṣaláìsí, Adéoyè ní kí gbogbo wọn kó kásẹ́ẹ̀tì wọn wá. Ó ní kásẹ́ẹ̀tì ń bàjẹ́, ó ní òun á gbé ohùn náà sínú kọ̀ǹpútà, òun á sì ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ilé.

Kò gbé nǹkan kan síbì kan. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà ń bẹ nínú láílọ́ọ̀nù dúdú lórí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, eruku ti fi wọ́n ṣe ìbùsùn. Lákọ̀ọ́kọ́, kò rí rédíò tí yóò fi gbọ́ wọn, nítorí ti Bàbá ò sọ̀rọ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ìdánwò àwọn ọmọ ilé-ìwé dé. Lẹ́yìn ìyẹn, ìtìjú dé, ìtìjú sì rèé, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ṣe ń bí: bí o kò bá tètè hú u, á kún ẹ̀yìnkùlé. Ìtìjú yìí ló sún un débi pé ó kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹbí pé, "Mo ti ṣe ti Àǹtí mi tán. Ibi tí Bàbá ti sunkún yẹn, háà!" Irọ́ gbuu. Ṣùgbọ́n Bọ́sẹ̀dé dáhùn kíá, "Ibẹ̀ gan-an ni! N kì í gbọ́ ibẹ̀ kí omi má bọ́ lójú mi." Ẹnu ya òpùrọ́. Ó rò ó títí, ó ní bóyá Ẹ̀mí Mímọ́ ló fi í hàn òun. Nígbà tó di ti Babáfẹ́mi, ó fi orin kún un. Babáfẹ́mi ní, "Bọ̀dá mi, orin yẹn ló gbé mi la yunifásítì já."

Ohun kan ṣoṣo tí Adéoyè ń wá lọ́wọ́ Ọlọ́run báyìí ni pé kí fódà tó yẹ kí ohùn náà wà má ṣí títí àwọn ará Èkó àti ará Ìbàdàn yóò fi padà lọ ní Ọjọ́ Ajé. Bí ó bá ṣí, òfìfo ni wọn á bá, ojú á sì ti òun pa níwájú ìyá òun. Ìdí nìyẹn tó fi jí ní kùtùkùtù, tó sì ti ilẹ̀kùn lórí ilẹ̀kùn nínú kọ̀ǹpútà ara rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí èèyàn bá ti ní "nẹ́tíwọ̀kì ni" ní ilẹ̀ yìí, ẹjọ́ ti parí nìyẹn.

Bọ́sẹ̀dé tẹ fóònù rẹ̀ títí. "Ó ní òun ò rí nǹkan kan."

"Nẹ́tíwọ̀kì ni," Adéoyè fò mọ́ ọn. "Ẹ jẹ́ ká jẹun ná. Iyán ń tutù."

"Ṣebí ẹ ní kò nílò dátà?" Babáfẹ́mi ń rẹ́rìn-ín. "Ṣebí Linux ni?"

"Linux náà máa ń gba ìsinmi Àjíǹde."

Olúwatóyìn bá kúnlẹ̀. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, nítorí náà "Akọ̀wé mi" ló sọ Adéoyè, "Ìdílẹ̀kẹ̀" ló sọ Bọ́sẹ̀dé. "Akọ̀wé mi, ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n bá yín wò ó."

"Rárá o, ìyàwó wa! Àlejò ni ọ́."

"Àlejò kẹ̀? Ṣé èmi á jókòó síbí kí ohùn Bàbá ọkọ mi há sínú ẹ̀rọ?"

Adéoyè kọ̀, kò dìde lórí àga. Ìyàwó náà ò bá a jà. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, ó fa kíbọ́ọ̀dù mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Kí lèèyàn fẹ́ ṣe fún ẹni tó kúnlẹ̀ láti tú àṣírí ẹni?

Ó fi láputọọ̀pù tirẹ̀ ké sí kọ̀ǹpútà náà lórí waifai ilé. Kọ̀ǹpútà jẹ́ ẹ.

"Ó wà láàyè sà. Ọ̀nà ò dí. Ó kù kí n wọlé bí ọ̀gá. Kí ni pásíwọ́ọ̀dù yín?"

"Mo ti gbàgbé ẹ̀," ni Adéoyè wí, ó sì ń wo àjà.

Màmá gbé ojú kúrò lára ẹ̀wà. "Ṣé kì í ṣe 'ọ̀gá àwọn ọ̀gá' ni? Òun lò ń ké kiri ulé láràárọ̀ bó o bá ń tẹ̀ ẹ́."

Babáfẹ́mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ìyàwó ò rẹ́rìn-ín, ó tẹ ọ̀gá àwọn ọ̀gá, kọ̀ǹpútà sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

"Háà. Akọ̀wé mi, Samba tó ń pín fáìlì fún ilé ò ṣiṣẹ́. Kò sì kú fúnra rẹ̀, ẹnìkan ló pa á. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà níbí, àárọ̀ òní ni."

"Iná tí wọ́n mú lọ ló pa á."

"Iná wo?" ni Bọ́sẹ̀dé wí. "Iná ò lọ látàná."

Òótọ́ ni. Iná tí kì í gbé pẹ̀lú wọn, iná tí wọ́n ń fi àbẹ́là wá, ọjọ́ náà ló jókòó tì wọ́n bí àna. Ìyàwó jí Samba dìde. Fóònù Bọ́sẹ̀dé ò tíì rí nǹkan.

"Wọ́n tún ti fi ẹ̀ṣọ́ sẹ́nu ọ̀nà," ìyàwó wí, "fáyawọ́ọ̀lù ni à ń pè é. Wọ́n ní kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí wọlé. Ẹni tó ṣe èyí, ó mọ̀ ọ́n ṣe. Kò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohùn Bàbá ni."

Bọ́sẹ̀dé dìde dúró. Àgbà nínú ẹgbẹ́ aládùúrà ni lọ́hùn-ún ní Èkó. "Mo ti mọ̀! Ọ̀tá ilé ni! Ẹ dìde! Ọwọ́ tó ti ilẹ̀kùn yìí, kó rọ!"

"Àmín!" ni Babáfẹ́mi ké.

"Adéoyè, n ò gbọ́ àmín tìẹ."

"À... àmín." Ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ àpò.

"Ojú tó ń ṣọ́ wa, kó fọ́!"

"Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká ní kó kàn máa ṣe ipin díẹ̀."

"Kó fọ́ ni mo wí!"

"Àmín," ni Adéoyè wí, ó sì di ojú méjèèjì pa.

"Ọ̀rọ̀ rédíò yẹn ni mo fẹ́ sọ," Màmá tún wí.

"Ẹ ṣe sùúrù, Màmá!" ni gbogbo wọn dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyàwó ní kí ẹ̀ṣọ́ yà lọ́nà. "Ó ku ẹyọ kan. Wọ́n ti gba àṣẹ fódà náà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. N ó dá a padà fún yín báyìí."

Òógùn ti bo Adéoyè. Ó na ẹsẹ̀ sábẹ́ tábìlì díẹ̀díẹ̀, ó fi ọmọ ìka ńlá wá wáyà iná, ó kàn án, ó gbá a mú.

"Adéoyè," ni Màmá wí, "ẹsẹ̀ rẹ wà lára wáyà."

Ó fà á padà bí ẹni tí ejò ṣán.

"Ó ti ṣí o!" Ìyàwó pàtẹ́wọ́. "Ìdílẹ̀kẹ̀, ẹ wo fóònù yín!"

Fódà mẹ́ta jáde sójú fóònù: Bọ́sẹ̀dé, Adéoyè, Babáfẹ́mi. Bọ́sẹ̀dé tẹ tirẹ̀. Òfo. Babáfẹ́mi tẹ tirẹ̀. Òfìfo. Ìyàwó ní bóyá wọ́n fi wọ́n pamọ́ ni, ó wá wọn títí. Kò sí. Nígbà náà ló gbójú sókè wo Adéoyè, tó rí bí ojú rẹ̀ ṣe rí, tó sì yé e. Ó rọra ti kíbọ́ọ̀dù náà padà síwájú onínǹkan. "Ẹ má bínú sà," ó wí wúyẹ́. Ìyẹn dun Adéoyè ju gbogbo èpè lọ.

"N ò gbé wọn sí i," ó wí. Ilẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. "Wọ́n wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn. N ò gbọ́ ìkankan nínú wọn rí."

"Ìwọ!" Bọ́sẹ̀dé pariwo. "Ìwọ tó o ní Bàbá sunkún nínú tèmi! Ìwọ òpùrọ́ yìí! Ta ló wá sọ fún ọ pé Bàbá sunkún?"

"N kò mọ̀ o, Àǹtí mi. Mo kàn dá a sọ ni. Ẹ̀yin lẹ ní ibẹ̀ gan-an ni."

Bọ́sẹ̀dé fọwọ́ bo ẹnu.

Babáfẹ́mi bú sẹ́rìn-ín, ó ń nàka sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀. Olúwatóyìn, tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, yíjú sí ọkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Dádì mi, orin wo ló gbé yín la yunifásítì já?"

Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. "Mo... mo rò pé Bọ̀dá ti gbọ́ ọ ni."

Àwọn ọmọ mẹ́ta, kò sí ẹni tó lè wo ojú ẹnì kejì. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi wà ní ìdálẹ̀, gbogbo àárò ilé, kò sí ẹni tó fi kásẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀ sínú rédíò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Adéoyè lọ gbé láílọ́ọ̀nù dúdú náà wá, ó kúnlẹ̀ síwájú àga Bàbá, ó gbé e lé itan ìyá rẹ̀. Bọ́sẹ̀dé kúnlẹ̀. Babáfẹ́mi dọ̀bálẹ̀.

"Màmá, ẹ dárí jì wá," ni Adéoyè wí, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "A ó wá rédíò alákásẹ́ẹ̀tì lónìí yìí. Bí kò bá sí ní Ìkòlé, a ó dé Ọyẹ́. Bí kò bá sí ní Ọyẹ́, a ó dé Ìdó. Gbogbo wa la ó jọ jókòó gbọ́ ohùn wọn lónìí."

Màmá gbé láílọ́ọ̀nù náà kúrò lórí ẹ̀wà.

"Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Bọ́tìnnì tó ń gba ohùn lára rédíò yẹn ti kán kí n tó bí Bọ́sẹ̀dé. Mo sọ fún Bàbá yín. Ó ní kò burú, ẹ ò kúkú ní gbọ́ ọ."