Èémí Gyaltsen

Ní àgọ́ àwọn ọmọ ogun India tó ń ṣọ́ ààlà lórí yìnyín, òfin kan wà tí Kápíténì Selvan kì í fi ṣeré rárá: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bí ara òun ṣe rí. Òkè yẹn ga débi pé orí ẹni a máa parọ́ fún ẹni. Torí náà, wọ́n pín wọn ní méjì méjì, ẹnì kejì ẹni ló sì ń dáhùn fún ẹni.

Nurbu ló ń dáhùn fún Gyaltsen. Àna ni wọ́n, torí Padma àbúrò Nurbu ni Gyaltsen fẹ́. Ọmọ Ladakh ni àwọn méjèèjì, ẹsẹ̀ òkè yẹn náà ni wọ́n bí wọn sí. Bí ọmọ ogun láti ìlú ooru bá gòkè dé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn ò yọ Kápíténì pàápàá sílẹ̀, torí etí òkun ni wọ́n bí òun sí.

Gyaltsen ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oṣù mélòó kan ní ìlú ìsàlẹ̀ níbi tó ti lọ kọ́ṣẹ́ ni. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ bọ̀ gbọ́dọ̀ sinmi ní ibùdó ìsàlẹ̀ títí òkè á fi mọ́ ọn lára. Gyaltsen bú sẹ́rìn-ín.

"Èmi lẹ fẹ́ kọ́ ní mímí? Níbi tí ìyá ìyá mi ti ń da màlúù onírun!"

Àwọn tó wà níbẹ̀ bá a rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jẹ́ kó wọ hẹlikópítà gòkè. Ìgbéraga ni, ẹ jẹ́ ká pè é bó ṣe ń jẹ́. Ara ọkùnrin yìí ti gbàgbé òkè, ẹnu rẹ̀ nìkan ló ṣì ń rántí.

Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kejì, ó ti ń húkọ́.

"Èéfín sítóòfù ni, ẹ̀gbọ́n."

"Èéfín wo? Ṣé èéfín ló ń hó nínú àyà ẹ bí ìkòkò tíì?"

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Tí wọ́n bá gbé mi sọ̀kalẹ̀, àwọn ará ìlú ooru yìí á fi mí kọrin. Abúlé wa ńkọ́? Ọmọ Ladakh tí òkè lé padà! Bàbá mi ò ní lè jókòó láàárín ẹgbẹ́ wọn mọ́. Mo fi Padma bẹ̀ yín."

Orúkọ Padma ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Nurbu ti gbọ́ irú ikọ́ yẹn rí láyà àwọn ẹlòmíì. Ó mọ̀ pé omi ló ń kún inú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì mọ̀ pé sísọ̀kalẹ̀ nìkan ni ìwòsàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì ṣe ọmọ ilé wọn rí, ló bá sọ fún ara rẹ̀ pé kì í ṣe àìsàn yẹn nìyí.

Hẹlikópítà gbé epo àti ìrẹsì dé lọ́sàn-án. Ojú ọ̀run ti ṣú dùdù lápá ìwọ̀-oòrùn. Awakọ̀ ò tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Ó kígbe pé òun ò ní padà wá títí ìjì á fi kọjá, àti pé àyè ẹnì kan ṣì wà. Kápíténì to àwọn ọmọ ogun, ó ń bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Nurbu, ẹnì kejì ẹ ńkọ́?"

Gyaltsen dúró gbọnin, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ètè rẹ̀ sì ti dúdú.

"Koko lara ẹ̀ le, sà."

"Ojú ẹ̀ ò tẹ́ mi lọ́rùn."

"Ojú àwa ará òkè ló rí bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ ò ṣe wo tiyín nínú dígí?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ojú ti Kápíténì díẹ̀, òun náà rẹ́rìn-ín. Hẹlikópítà gbéra, ìkùukùu sì bò ó.

Tíì oníbọ́tà tí wọ́n gbé kaná ò tíì hó tí Gyaltsen fi jókòó sórí yìnyín, tí kò lè dìde mọ́. Ó húkọ́, itọ́ tó tu sílẹ̀ ń hó, ó sì pupa.  Nurbu sáré tọ Kápíténì lọ.

"Mo parọ́ fún yín, sà. Ó ti ń ṣe é tipẹ́."

Kápíténì ò pariwo. Ì bá tẹ́ Nurbu lọ́rùn ká ní ó bú u. Wọ́n ké sí hẹlikópítà lórí rédíò, wọ́n ní kò sí ojú ọ̀nà. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ inú àgbá sí Gyaltsen nímú, kò ràn án lọ́wọ́ tó. Ó ku kí wọ́n dè é mọ́ pákó tí wọ́n fi ń fa ẹrù, kí wọ́n wọ́ ọ sọ̀kalẹ̀ láàárín àwọn ihò yìnyín tó lanu sílẹ̀, kí ìjì tó dé.

Wọ́n so ara wọn mọ́ okùn kan. Kápíténì ṣíwájú, ó ń fi ọ̀pá gún ilẹ̀ wò. Ó fi Nurbu síbi orí Gyaltsen.

"Máa gbọ́ èémí ẹ̀ fún wa."

Gyaltsen ṣí ìbòmú afẹ́fẹ́ náà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ fún Padma pé ẹ wọ́ mi bí àpò ìrẹsì."

"Panu mọ́, kó o máa mí. Ìwọ fúnra ẹ lo máa sọ fún un."

Ìjì bá wọn lójú ọ̀nà. Kò sí ẹni tó rí ju ẹ̀yìn ẹni iwájú rẹ̀ lọ.

"Ṣé ó ń mí?"

"Ó ń mí, sà!"

Ohùn burúkú ni ohùn omi inú àyà yẹn, ṣùgbọ́n kò sí ohùn tí Nurbu fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó fi etí mọ́ ìbòmú náà. Afẹ́fẹ́ òde nìkan ló ń fẹ́.

"Ṣé ó ń mí?"

Bó bá ní rárá, wọ́n á dúró. Bí wọ́n bá sì dúró, ó ti di òótọ́ nìyẹn.

"Ó ń mí, sà!"

Okùn tún fà. Ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wọn rì wọ inú ihò títí dé itan, wọ́n fà á yọ tipátipá, wọ́n tún ń wọ́ pákó lọ. Kápíténì tún béèrè, Nurbu tún dáhùn bákan náà.

Kápíténì wá dúró. Ó tọ okùn padà sẹ́yìn, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó gbé ọwọ́ síwájú imú Gyaltsen, ó sì gbé e síbẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó fi aṣọ bo ojú rẹ̀. Ó wo àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ń mí gúlegúle nínú ìjì, tí àgọ́ ti pòórá lẹ́yìn wọn, tí ìsàlẹ̀ ò sì hàn. Ó ń lọ láti orí ẹnì kan sí èkejì, ó ń bi kálukú bóyá ẹnì kejì rẹ̀ ṣì lè rìn. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Nurbu, ó fò ó láìbi í léèrè nǹkan kan, ó kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn.