Ẹjọ́ Kílọ́ọ̀ṣì Dile Ram

Tó o bá fẹ́ bá Dile Ram jà ní ìlú Kullu, má wulẹ̀ bú bàbá rẹ̀, má bú ìyá rẹ̀. Ṣáà sọ pé kò mọ ọkọ̀ wà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń wakọ̀ gun àwọn òkè wa, látorí lọ́rì tó ń kó gẹdú títí dórí takisí, kò sì tíì fi imú ọkọ̀ họ igi rí. Àwọn dírẹ́bà tó kọ́ níṣẹ́ lé ní ogún. Tí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀ nídìí tíì ní ìdíkọ̀, òun ni wọ́n máa ń kọjú sí pé, "Ọ̀gá, ẹ bá wa dá a."

Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ló sì ń wà látọjọ́ yìí wá. Ìgbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló tó ra tirẹ̀. Ó ta oko ápù tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, ó yá tí báǹkì lé e, ó lọ ra ọkọ̀ funfun tuntun nílé ìtajà ńlá kan létí odò. Wọ́n fi òdòdó kọ́ ọkọ̀ náà lọ́rùn, wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ sábẹ́ táyà kó tẹ̀ ẹ́ fọ́ láti lé ojú burúkú, Shukri ìyàwó rẹ̀ sì pín nǹkan dídùn kárí àdúgbò. Wọ́n ní wáráńtì ọdún mẹ́ta ló wà lórí ẹ̀. Dile Ram ká ìwé wáráńtì yẹn, ó tọ́jú ẹ̀ sínú àpò tí ìwé ilẹ̀ oko ápù wà tẹ́lẹ̀.

Oṣù mẹ́rin péré, kílọ́ọ̀ṣì jó.

Òkè Jalori ló ń gùn lọ́jọ́ náà, èrò mẹ́rin láti Chandigarh wà nínú ọkọ̀. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dókè. Ó tẹ iná, ẹ́ńjìnnì ké, ọkọ̀ ò lọ. Ó tún tẹ̀ ẹ́, òórùn jíjó gba inú ọkọ̀ kan, obìnrin tó wà lẹ́yìn fi ìborùn bo imú. Lọ́rì ló wọ́ ọkọ̀ tuntun náà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì gba iwájú ìdíkọ̀ kọjá lójú gbogbo ẹni tó kọ́ níṣẹ́. Ojú tì í débi pé kò lè kí ẹnikẹ́ni.

Nílé ìtajà, ẹni tó dá a lóhùn ni Sood, ọ̀gá àwọn mẹkáníìkì wọn. Ọmọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn ni, ó máa ń pe gbogbo àgbàlagbà ní bàbá, ó sì máa ń bu tíì fún èèyàn kó tó rẹ́ onítọ̀hún jẹ. Ó gbé pílèètì kílọ́ọ̀ṣì tó ti dúdú kalẹ̀ sórí tábìlì.

"Bàbá, ẹ wò ó. Ẹgbẹ̀rún méje kìlómítà lẹ fi pa á. Wáráńtì ò sì kan kílọ́ọ̀ṣì tí dírẹ́bà bá fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ jó."

"Ta ló fi ẹsẹ̀ jó o?"

"Ẹ máa ń gbé ẹsẹ̀ lé e tẹ́ ẹ bá ń lọ ni. Ẹ ò kàn fura ni. Àwọn àgbàlagbà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀."

"Sood, kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń gun Jalori. Ọkọ̀ tí mo wà kẹ́yìn rin ọ̀kẹ́ mẹ́rin kìlómítà lórí kílọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo. Ẹ ta kílọ́ọ̀ṣì burúkú fún mi, ẹ wá ń wá ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ máa dì í mọ́."

Sood ò bínú. Ó ní nítorí pé èèyàn iyì ni bàbá, ilé iṣẹ́ á san ìdajì. Ó wá ti ìwé kan sí i. Ìlà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: pé àìmọ̀ọ́wà awakọ̀ ló ba kílọ́ọ̀ṣì jẹ́. Dile Ram kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dá ìwé padà, ó dìde, kò sì mu tíì náà tán.

Shukri gbọ́ ọ nílé, ó káwọ́ lérí.

"Bàbá Kamla, ìlà kan ni wọ́n ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí. Ìlà kan kì í pààyàn."

"Ìlà tó ní mi ò mọ ọkọ̀ wà."

"Ta ló fẹ́ kà á? Inú fáìlì ló máa kú sí."

"Èmi ti kà á. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ."

"Ebi ò gbọ́ òwe o," ni Shukri wí, ó sì lọ sọ síddù, búrẹ́dì tí wọ́n fi ooru omi sè, kalẹ̀ lórí iná.

Bí ẹjọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Dile Ram fowó ara rẹ̀ ra kílọ́ọ̀ṣì mìíràn, ó gba agbẹjọ́rò, ó gbé ilé ìtajà lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníbàárà. Oṣù mẹ́rìnlá gbáko. Lónìí, adájọ́ ò wá. Lọ́la, ìwé ò pé. Àwọn àgbà wa ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, àmọ́ gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pàdé níbẹ̀ ni Sood máa ń sáré wá kí i, tó máa ń bi í léèrè àlàáfíà Kamla ọmọ ẹ̀ tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Shimla. Èyí gan-an ló máa ń bí Dile Ram nínú jù.

Ìdíkọ̀ ńkọ́? Àwọn tó ń pè é lọ́gàá ò jáwọ́ ìyẹn, àmọ́ ẹ̀rín ti wọ̀ ọ́. Budh Ram, ẹlẹ́nu bí abẹ, òun ni baba wọn.

"Ọ̀gá, wọ́n lẹ́ ẹ ti sọ kílọ́ọ̀ṣì di àpótí ìtìsẹ̀."

"Ta ló kọ́ ẹ lọ́kọ̀, Budh Ram?"

"Ẹ̀yin ni. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Dile Ram náà bá wọn rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ sì ń gbóná. Kì í tún ṣe ọ̀rọ̀ owó mọ́. Ó fẹ́ kí adájọ́ sọ ọ́ sétígbọ̀ọ́ gbogbo ayé pé Dile Ram mọ ọkọ̀ wà, kí Budh Ram àtàwọn ìyókù sì gbọ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló wá ọ̀ràn. Lọ́jọ́ kan tí agbẹjọ́rò ilé ìtajà ń sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀, ẹsẹ̀, ẹsẹ̀, Dile Ram fò dìde. Agbẹjọ́rò tirẹ̀ fà á láṣọ, kò jókòó. Ó ní, "Olúwa mi, ẹ yan ẹni tó mọ̀ nípa ọkọ̀. Kó wá jókòó tì mí, ká jọ gun Jalori. Ẹsẹ̀ mi ni kó máa wò. Tó bá rí i lórí kílọ́ọ̀ṣì níbi tí kò yẹ kó wà, mo jẹ̀bi, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́." Inú adájọ́ dùn. Ta ni ò fẹ́ kí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ parí?

Ẹni tí wọ́n yàn ni Máàdáámù Negi, olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, obìnrin kúkúrú tó wọ awò ojú, tí kì í sọ̀rọ̀ jù. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà ìkórè ápù ni wọ́n gbéra. Máàdáámù jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dile Ram, ìwé lórí itan, ojú ẹ̀ nílẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ wà. Sood wà lẹ́yìn, ó ń tẹ fóònù. Shukri ti fọ fìlà Kullu ọkọ rẹ̀ fún un, ó dé e gẹ̀ẹ́rẹ́. Inú Dile Ram dùn lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Ó rọra ń yí ọkọ̀ ní kọ̀rọ̀, ó ń yẹra fáwọn lọ́rì ápù, ó ń fi imú kọrin. Bí ẹni gbé ẹyin ló ṣe ń wa ọkọ̀ náà.

Wọ́n kọjá Banjar, òkè bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì," ni Máàdáámù wí.

"Kò sí lórí ẹ̀, Máàdáámù. Ilẹ̀ ló wà."

"Ẹ wò ó."

Ó wolẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wà lórí kílọ́ọ̀ṣì, ó sinmi síbẹ̀ pátápátá. Ó gbé e kúrò kíá. Ó ní ìkánjú ni. Sood rẹ́rìn-ín díẹ̀ lẹ́yìn, ó fi ikọ́ bò ó. Dile Ram wá ń ṣọ́ra. Ó ń wà á, ó sì ń sọ nínú ara rẹ̀ pé ilẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi wà, ilẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi wà.

"Bàbá, ó tún ti wà níbẹ̀."

Ó wolẹ̀. Lóòótọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta, kò dúró kí Máàdáámù sọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló wolẹ̀, ó sì bá a lórí ẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Kì í ṣe ẹ̀rù ẹjọ́. Irú ẹ̀rù tí èèyàn máa ń ní ni, tó bá na ọwọ́ sápò ara ẹ̀, tó sì kan ọwọ́ ẹlòmíràn níbẹ̀. Kò kọrin mọ́.

Nígbà tí wọ́n dókè níwájú tẹ́ńpìlì kan, Sood ti mọ̀ pé òun ti jàre. Ó sáré bọ́ sílẹ̀ láti lọ pe ọ̀gá ẹ̀, ó rìn jìnnà lọ wá ibi tí fóònù á ti gbọ́ràn. Ó wá ku àwọn méjèèjì.

"Ẹ bọ́ bàtà òsì," ni Máàdáámù wí. "Ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà. Ẹ gbé e síta níbí. Ẹ wá dijú, kẹ́ ẹ sọ fún mi tí mo bá ti fọwọ́ kàn yín."

Ó dijú. Atẹ́gùn òkè ń fẹ́, àwọn oníṣọ́ọ̀bù tíì ń pe èrò. Ó dúró, dúró.

"Máàdáámù, ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"

"Mo ti parí."

Ó lajú. Obìnrin náà mú bíírò lọ́wọ́. Àmì búlúù mẹ́jọ wà kárí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, méjì tiẹ̀ ti lu awọ díẹ̀. Dile Ram ń wò ó, bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ òkú.

"Ẹ ní àtọ̀gbẹ?"

"Díẹ̀."

"Látìgbà wo?"

"Bí ọdún mẹ́sàn-án."

"Ẹ ń lo oògùn ẹ̀?"

"Tí mo bá ti rántí."

"Ìyá mi náà ní àtọ̀gbẹ," ni obìnrin náà wí. "Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kú nìyí. Ẹ jẹ́ n wo ti ọ̀tún."

Dile Ram fa ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn. "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, Máàdáámù. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má dán ìyẹn wò."

Dile Ram wá bi í, ohùn ẹ̀ sì ti rẹlẹ̀, "Kí lẹ máa kọ?"

"Ohun tí mo rí."

"Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ mi ti kú, wọ́n á gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ mi. Mi ò lóko mọ́, Máàdáámù. Ọkọ̀ yìí ni mo sọ oko dà. Ẹ bá mi kọ ọ́ pé mi ò mọ ọkọ̀ wà. Ẹ kọ ọ́ pé ìwà mi ni, pé látìgbà tí mo ti kọ́ṣẹ́ ni mo ti ń gbé ẹsẹ̀ lé e. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, màá fọwọ́ sí i."

Omijé ti wà lójú ẹ̀, ó fi fìlà nù ún. Máàdáámù bọ́ awò.

"Bàbá, ta lẹ máa gbé lọ́la?"

"Àwọn tíṣà mẹ́fà. Èmi ni mo ń gbé wọn lọ sílé-ìwé wọn ní Khanag láràárọ̀."

"Òkè yìí náà ni?"

"Òkè yìí náà ni."

Máàdáámù wo ìwé, ó wo àfonífojì lápá òsì, ó tún wo ìwé. Nígbà tó yá, ó kọ ìlà kan, ó sì kà á sókè: pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun bá ẹsẹ̀ awakọ̀ lórí kílọ́ọ̀ṣì níbi tí kò yẹ. "Ohun tí ìgbìmọ̀ bi mí nìyẹn. Wọn ò bi mí nídìí ẹ̀." Ó na ìwé sí i. "Ohun tí mo ṣe yìí ò dáa, èmi náà mọ̀. Ẹ lọ rí dókítà lọ́la. Ẹ wá ọmọ kan tó máa bá yín wa ọkọ̀ yìí. Ẹ ń gbọ́?"

"Mo gbọ́, Máàdáámù." Méjèèjì mọ̀ pé owó ọkọ̀ yẹn ò lè bọ́ ẹnu méjì.

Ó fọwọ́ sí i. Bí ó ṣe ń kọ orúkọ ara rẹ̀ lọ́wọ́ ló rò ó pé ìwé Sood ní ìdajì owó nínú, èyí ò ní nǹkan kan nínú.

Máàdáámù mú báàgì ẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀. "Aago mélòó ni bọ́ọ̀sì máa ń kọjá níbí?"

"Aago méjì. Ṣùgbọ́n mo lè gbé yín—"

"Màá dúró dè é."

Aago mọ́kànlá àbọ̀ ni. Dile Ram wọ bàtà rẹ̀, ó sì so okùn ẹ̀.

Sood padà dé, inú ẹ̀ ń dùn, ó jókòó síwájú níbi tí Máàdáámù ti dìde. "Obìnrin yìí ò bá wa lọ?"

"Ó ní òun fẹ́ gba atẹ́gùn."

"Àwọn ọ̀mọ̀wé," ni Sood wí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀nà náà tóóró, kò sí ògiri létí ẹ̀, lọ́rì ápù sì ń gùn bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Sood ń sọ̀rọ̀ láìsinmi. Ó ní kí bàbá má fi ṣe ìbínú, pé iṣẹ́ ni iṣẹ́. Ó ní kó má tijú, pé ẹni tó bá ti mọ àṣìṣe ara ẹ̀ ti bọ́. "Ohun kékeré ni, bàbá. Ẹ ṣáà ti máa gbé ẹsẹ̀ kúrò. Kò le."

Kọ̀rọ̀ kan dé, Dile Ram wolẹ̀ kó tó yí jíà. Òmíràn dé, ó tún wolẹ̀. Lọ́rì kan fun fèrè gbọọrọ, Dile Ram sì yà fún un ní kánmọ́.

"Bàbá, iwájú ni kẹ́ ẹ máa wò o. Kí lẹ ń wá nísàlẹ̀ níbẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ mi."

Sood rò pé àwàdà ni, ó sì rẹ́rìn-ín.