Àlàáfíà Ni

"Ìyá, pupa ni mo ní kí ẹ tẹ̀."

"Pupa náà ni mo fojú sí, ọmọ mi. Ọwọ́ ni ò gbà."

Ìka aránṣọ àtijọ́ náà tún gbọ̀n, ó já sórí bọ́tìnì àwọ̀ ewé tó gba ìdajì ojú fóònù: *Àlàáfíà ni*. Bọ́tìnì pupa, *Ara mi ò yá*, há sí igun ìsàlẹ̀, kò ju ojú ìlẹ̀kẹ̀ lọ. Fóònù dáhùn: *A bá yín yọ̀*.

"Ìyá ti sàn kí á tó tọ́jú wọn!" Ọ̀gá tó ń bá ilé ìwòsàn ṣe áàpù tí aláìsàn á máa fi pe nọ́ọ̀sì lórí fóònù ló sọ bẹ́ẹ̀; ìyá ni wọ́n pè wá dán an wò. Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Ìyá náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ kan di èkejì mú sórí itan. Làkúrègbé ti ká ìka rẹ̀ kò bí èékánná ẹyẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé bọ́tìnì ńlá fún aláìsàn. Tàbí kí n fi ẹnu sọ ọ́. Ẹnu tèmi kì í gbọ̀n."

"Ìyá, ẹwà áàpù á bàjẹ́. Bí wọ́n bá kí èèyàn láàárọ̀, kí là ń dáhùn? Àlàáfíà ni!"

"Ìkíni nìyẹn, ọmọ mi."

Wọ́n fún un ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n ya fọ́tò ọwọ́ rẹ̀. Láìpẹ́, ilé ìwòsàn mú nọ́ọ̀sì tó ń dáhùn ìpè lórí fóònù kúrò. Áàpù nìkan ló kù tó ń rán nọ́ọ̀sì sílé aláìsàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àyà fún ìyá náà pinpin, ọmọ rẹ̀ obìnrin ti lọ síbi iṣẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́. *A bá yín yọ̀*. Ó fi ìgúnpá tẹ̀ ẹ́. *A bá yín yọ̀*. Ó gbé fóònù lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó tẹrí ba, ó fi imú wá pupa náà kiri.

Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ṣe bá a, ẹ̀rẹ̀kẹ́ lórí fóònù tó ṣì ń bá a yọ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, fóònù gbọ̀n lórí ẹ̀rọ ìránṣọ náà, bó ti ń ṣe láràárọ̀: *Ṣé àlàáfíà ni?*

Ọmọ náà tẹ pupa. Ẹ̀ẹ̀kan péré. *Nọ́ọ̀sì ń bọ̀*.

Tíì gbígbóná tó gbé síwájú ò tíì tutù tí nọ́ọ̀sì fi kanlẹ̀kùn, báàgì léjìká, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo sáré ni. Ìyá dà?"

Ọmọ náà sún àga fún un.

"Ẹ jókòó," ló wí. "Ẹ mà tètè dé."