Ilé Òkú Tó Pa Lọ́lọ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tí ẹ ń ka tèmi yìí. Ìwé ò fi bẹ́ẹ̀ yé mi, bí ẹnu mi ṣe ń sọ ọ́ ni mo ṣe ń kọ ọ́. Àmọ́ irọ́ ò sí níbẹ̀, ìṣojú mi ló ṣe.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi Man-sik kú ní abúlé wa níbí ní Kòríà, a tẹ́ ẹ sí yàrá, a ta aṣọ ìkélé síwájú ẹ̀. Àwa àgbà jókòó sórí ẹní ní àgbàlá, à ń ta káàdì, à ń mu ọtí sójù, à ń pariwo. Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn, kí opó má baà máa gbọ́ ẹkún ara ẹ̀ nìkan.

Mo ní, “Pil-du, olè ni ẹ́! Man-sik ń wò ẹ́ láti ẹ̀yìn aṣọ yẹn o.”

Ó ní, “Jẹ́ ó máa wò. Ṣebí òun ló kọ́ mi ní ojóró.”

A bú sẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni Dénísì ti jáde, òyìnbó tí Mi-ran, ọmọbìnrin Man-sik, fẹ́ ní Amẹ́ríkà. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn lẹsẹ̀ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ilẹ̀ wa, àmọ́ fíìmù wa wo ni kò tíì wò? Ó sọ̀rọ̀, ojú ẹ̀ le. Mi-ran ń túmọ̀ ẹ̀, kò lè wò wá.

“Ó ní òun mọ àṣà wa. Pé ará Kòríà kì í rẹ́rìn-ín nídìí òkú. Pé ẹ̀ ń tàbùkù bàbá.”

Pil-du ní, “Ta ló sọ fún un? Tẹlifíṣọ̀n?”

Deok-su, ọmọkùnrin olóògbé, ló yẹ kó dáhùn. Ó kàn tẹrí ba fún wa ni. “Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kó káàdì nílẹ̀. Kí àna wa má baà rò pé ará oko ni wá.”

Ará oko! Àwa tá a jọ bá bàbá ẹ̀ gbin ìrẹsì! Ojú tì mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè. A kó káàdì. Kálukú wá bàtà ẹ̀. Bọ́ọ̀sì abúlé kejì dé, àwọn ará ibẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ, àwọn tiwa gba ilé wọn lọ.

Ilé pa lọ́lọ́, èmi nìkan ló kù lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wọ bàtà. Ni opó bá jáde, ó ń di ògiri mú.

“Deok-su, àwọn èèyàn bàbá ẹ dà?”

“Wọ́n ti lọ, Màmá.”

“Ta ló lé wọn?”

Deok-su kúnlẹ̀. Mi-ran ń sọ ọ́ sí ọkọ ẹ̀ létí, ọrùn òyìnbó pọ́n wẹ̀ẹ̀. Ó fẹ́ máa bẹ ìyá.

Ìyá ní, “Sọ fún un kó fi sílẹ̀. Àlejò lójú, kò fi ríran. Deok-su, ìwọ tó o ríran ńkọ́?”

Ibọ̀sẹ̀ lásán ni Deok-su fi sáré jáde. Bọ́ọ̀sì ti lọ. Ó ń bẹ àwọn ará abúlé wa láti ilé dé ilé. Àwọn kan padà wá. Pil-du tilẹ̀kùn, ó ní, “Ará oko ò wá.”

Bẹ́ẹ̀ Pil-du ló máa ń dárin bá a bá ń gbé òkú gun òkè. Nígbà tílẹ̀ mọ́, a gbé Man-sik láìsí orin. Èjìká ò tó, Dénísì bọ́ sábẹ́ ẹ̀, ó ga jù wá lọ, pósí fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Deok-su ń tẹ̀ lé wa, ilẹ̀ ló ń wò.

Ẹ̀yin náà, bí ẹni tí kò gbélé yín rí bá ti mú yín tijú ilé yín, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Kẹ́ ẹ kọ ọ́ gàdàgbà o, ojú mi ti ń ṣe bàìbàì.