Ogójì Káàdì fún Ìyá Arúgbó

Ó ti rẹ̀ mí kí oṣù kẹfà tó wọlé rárá. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń ta eré káàdì yìí, mi ò sì tíì dé ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè rí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti já bọ́ nígbà tó ku ẹyọ ìdíje kan péré. Ìyàwó mi kì í tún bi mí léèrè mọ́ bí mo bá wọlé. Ojú mi ló máa ń wò, á sì lọ gbé ọbẹ̀ kaná.

Lọ́dún yìí ni ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ káàdì náà kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù keje, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lo Ìyá Arúgbó Ìkùukùu mọ́, pé agbára rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹfà sì ni ìdíje agbègbè tiwa ní Osaka. Ìtumọ̀ rẹ̀ ò ṣòro: bí mi ò bá fi Ìyá Arúgbó dé ìdíje ńlá lẹ́ẹ̀kan yìí, mi ò ní fi í débẹ̀ láéláé. Mo sì mọ̀ nínú ara mi pé mi ò lágbára láti fi káàdì mìíràn bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìyá yìí ń ṣe. Gbogbo káàdì tóo bá ti lò, tàbí tóo bá jù nù, ẹ̀gbẹ́ kan ló ń lọ lórí tábìlì. Ààtàn là ń pe ibẹ̀. Bí Ìyá Arúgbó bá ti bọ́ sórí tábìlì báyìí, á ṣa mẹ́ta tó bá wù ọ́ lórí ààtàn, á jí wọn dìde lọ́fẹ̀ẹ́. Abàmì ẹranko tí ẹlòmíràn ń kó agbára jọ títí kó tó lè pè é jáde, ìyá á kàn fọwọ́ gbá a jí ni. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ní ẹyọ kan ṣoṣo lèèyàn lè ní nínú ìdì rẹ̀. Ogójì káàdì ni ìdì kan. Mọ́kàndínlógójì tó kù, ìwọ lo máa mọ ohun tí wàá fi wọ́n ṣe.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi wá bí mo ṣe máa to mọ́kàndínlógójì náà. Fèrèsé ilé gíga ni mò ń fọ̀ jẹun. Bí òjò bá rọ̀, kò síṣẹ́. Bí kò bá síṣẹ́, ilé ìtajà káàdì kan ní Nipponbashi lẹ ó ti bá mi, ní àjà kẹta tí atẹ́gùn kì í dé. Ọ̀rẹ́ mi Nagatani ló máa ń jókòó kọjú sí mi. Ẹnu ọkùnrin yìí kì í sinmi.

Nínú ìdì àkọ́kọ́ tí mo dì, abàmì ẹranko mẹ́rìnlá ni mo kó sí i. Nagatani nà mí nígbà méje láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Ubukata, ilé tóo kọ́ yìí, òrùlé nìkan ni," ó ní. "Ògiri dà? Bí màmá yẹn ò bá tètè dé ńkọ́?"

"Á dé."

"Ta ló sọ fún ẹ? Ṣé ó kọ lẹ́tà sí ẹ ni?"

Ó dùn mí, torí òótọ́ ni. Mo yọ ẹranko mẹ́jọ, mo fi àwọn káàdì kéékèèké tó ń bá èèyàn wá nǹkan rọ́pò wọn. Wọ́n ń wá Ìyá Arúgbó lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó rí i, Nagatani á ti nà mí tán. Mo fi àwọn tó ń dáàbò boni kún un, mo bá di ẹni tó ń sápamọ́ láìrí nǹkan kan ṣe. Bí mo bá dí ihò kan, òmíràn á là. Láwọn ọjọ́ kan, mo máa ń wo ogójì káàdì yẹn, á wù mí kí n da gbogbo wọn sínú odò.

Nígbà tí òtútù lọ tán lohun tó yẹ kó ti yé mi tipẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ìdì téèyàn dì nítorí ẹnì kan gbọ́dọ̀ lè dá dúró lọ́jọ́ tí ẹni yẹn ò bá wá. Mo tún un dì bí ẹni pé Ìyá Arúgbó ò sí níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo wá àyè kan fún un. Ní oṣù karùn-ún, Nagatani bá mi ta á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló jẹ. Ó lọ ra tíì tútù méjì nínú ẹ̀rọ, ó gbé ọ̀kan síwájú mi.

Ibi tí mo ti wá ba nǹkan jẹ́ nìyí. Ìyá Arúgbó méjì ló wà: ọ̀kan wà tí kò dán, ó kún inú agbọ̀n ẹ̀dínwó ní gbogbo ilé ìtajà, èkejì ń dán yinrinyinrin, wúrà ló sàn sínú irun rẹ̀. Èyí tó ń dán ni mo ní. Gbogbo ẹni tó ń ta káàdì ló sì mọ̀ pé èyí tó ń dán kì í bá òjò oṣù kẹfà rẹ́. Bébà ẹ̀yìn rẹ̀ á mu omi inú afẹ́fẹ́, ojú rẹ̀ tó ń dán ò ní mu, káàdì á bá tẹ̀. Bí káàdì bá sì tẹ̀, èèyàn á dá a mọ̀ láìṣí i wò, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá nìyẹn nínú ìdíje.

"Mo ní mẹ́rin tí kò dán nílé," Nagatani wí. "Gba ọ̀kan, jọ̀ọ́."

"Lẹ́yìn ọdún méjìlélógún? Kí n wá gbé èyí tó dà bí ìwé ìpolówó lọ?"

"Fáàrí ló máa pa ìwọ yìí."

Mo fi í sílẹ̀ kó máa sọ. Mo to àwọn àpò kéékèèké tó ń fa omi, tí wọ́n ń fi sínú bisikíìtì kó má baà rọ̀, sínú agolo kan, méjìlá gbáko, mo tẹ́ Ìyá Arúgbó sáàárín wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn mọ́kàndínlógójì tó kù wà lórí tábìlì mi nínú òjò, wọ́n ń mí bí wọ́n ṣe ń mí. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, ìyá jáde gbọọrọ bíi pákó. Mo fi í sínú àpò ọ̀rá rẹ̀, mo dà á pọ̀ mọ́ àwọn yòókù, mo sì yin ara mi.

Irínwó èèyàn ló wà nínú gbọ̀ngàn náà. Òjò ti pa gbogbo wọn, agbòjò wọn ń kán sílẹ̀, ara ilẹ̀ ń yọ̀. Mo jẹ ìkínní, mo jẹ ìkejì. Nígbà tó fi di ọ̀sán, mo ti jẹ mẹ́fà láìpàdánù ẹyọ kan. Nínú mẹ́fà yẹn, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni Ìyá Arúgbó ti wà lọ́wọ́ mi látìbẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn débi pé ara ríro mi lọ. Mo ń sọ fún ara mi pé ohun tí mò ń wá látọjọ́ yìí rèé, pé mo ti wá mọ ìdì í dì. Ó ku ẹyọ kan.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Orihara ló jókòó síwájú mi, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni, dígí ojú rẹ̀ ti kún fún èéfín òjò. A tẹríba fún ara wa. Mo po káàdì mi, mo gbé e fún un kó pín in sí méjì bí òfin ṣe wí. Ó fi ìka méjì gbé apá kan, ó fi apá ìsàlẹ̀ lé e lórí, ó tì í padà sí mi.

Mo rí i. Kó tó fọwọ́ kàn án rárá, ìdì náà ti la ẹnu díẹ̀ láàárín, ibẹ̀ gan-an ni ìka rẹ̀ sì bọ́ sí. Káàdì tó wá wà lókè báyìí tẹ̀ bí ẹ̀yìn àgbàlagbà tó ń gbin ìrẹsì. Mi ò tíì ṣí i, mo sì ti mọ orúkọ rẹ̀. Òùngbẹ ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi pa á nínú agolo ló mú kó gba gbogbo omi inú gbọ̀ngàn yẹn mu.

Nítorí náà, gbogbo ẹni tó bá mi pín in láti àárọ̀ ló ń gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fa káàdì yín," Orihara wí. "Ṣé kò sí wàhálà o?"

Ọwọ́ mi ṣì wà lórí ìdì náà. Kì í ṣe ìjìyà ni mò ń bẹ̀rù. Mẹ́fà tí mo jẹ ni mò ń rò. Ṣé èmi ni mo jẹ wọ́n, àbí ẹ̀yìn ìyá tó tẹ̀? Kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan. Bí mo bá kàn nawọ́ fa káàdì mẹ́fà tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ eré, mo ti dé ìdíje ńlá nìyẹn. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá débẹ̀ báyìí, ìbéèrè yẹn á máa bá mi jẹun lójoojúmọ́.

Mo nawọ́ sókè, mo pe rẹfirí.

Obìnrin kan ló wá. Ó po ìdì náà, ó pín in, ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni Ìyá Arúgbó bọ́ sókè.

"Ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, sà?"

"Rárá."

"Mo gbà yín gbọ́, torí ẹ̀yin fúnra yín lẹ pè mí. Àwọn tẹ́ ẹ ti jẹ ṣì jẹ́ tiyín. Ṣùgbọ́n eléyìí ti lọ. Ẹ má bínú."

Orihara buwọ́ lùwé pé òun ló jẹ. Kò lè wò mí lójú. "Mi ò fẹ́ kó rí báyìí, ẹ̀gbọ́n."

"Èmi náà ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé o ní Ìyá Arúgbó tí kò dán? Yá mi. Bá mi ta mẹ́ta, lásán."

A jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń ra tíì. Nínú àkọ́kọ́, Ìyá Arúgbó ò tiẹ̀ yọjú rárá. Àwọn mọ́kàndínlógójì yẹn dìde, wọ́n ṣiṣẹ́ wọn ní ẹsẹ̀-ẹsẹ̀ bí mo ṣe tò wọ́n ní oṣù karùn-ún, mo sì jẹ. Orihara jẹ ìkejì. Nínú ìkẹta, ìyá pẹ́ kó tó dé, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa dé, ààtàn ti kún, mo jẹ.

Ọmọ náà ń wo tábìlì. "Ẹ̀gbọ́n, ìdì yìí le gan-an o. Mi ò rò pé mo lè nà yín lónìí ká ní a ta á. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò lo èyí tí kò dán látìbẹ̀rẹ̀?"

Ká ní mo pàdánù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni, ǹ bá gbà pé ẹ̀yìn ìyá ló jẹ mẹ́fà yẹn, ǹ bá lọ sílé lọ sùn. Mo fa káàdì rẹ̀ yọ nínú tèmi, mo fọwọ́ méjèèjì dá a padà fún un, mo sì kí i kú oríire.