Abẹ́rẹ́ Lẹ́nu

"Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ," ni ìyá mi wí láàárọ̀, bí mo ṣe ń gbé oògùn wárápá mi mì. "Jẹ́ kí wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́ ná." Mi ò bá a jiyàn. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti kúrò, mo fi àìsàn náà pamọ́ títí ó fi gbé mi ṣánlẹ̀ lójú gbogbo wọn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti fi ọṣẹ fọ àga tí mo máa ń jókòó sí, bí ẹni pé eruku ara mi ló ń pààyàn. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé.

Aránṣọ àgbà tí mo wá bá yìí kì í béèrè ìwé ẹ̀rí. Ọwọ́ ló máa ń wò. Ó ní kí oníbàárà kan gun àpótí, kí n bá a dín ẹ̀gbẹ́ aṣọ rẹ̀ kù. Ó da abẹ́rẹ́ olórí roboto sí mi lọ́wọ́.

"Kó wọn sẹ́nu."

Àtọ̀gá àtọmọṣẹ́, gbogbo wọn ló ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu níbẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ ń ṣòfófó pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́nu, ẹyọ kan ò sì já bọ́. Ṣùgbọ́n bí wárápá bá gbé mi báyìí, ọ̀fun mi ni wọn yóò ti wá àwọn abẹ́rẹ́ náà. Mo kó wọn lé orí tábìlì.

"Aránṣọ wo ni kì í fẹnu mú abẹ́rẹ́?" Ọ̀gá wò mí látòkè délẹ̀. "Àbí ojú àlá lo ti kọ́ṣẹ́?"

Àwọn yòókù fi imú rẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Mo fẹ́ purọ́ pé eyín ń dùn mí. Irọ́ náà ti dé orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì.

"Wárápá ló ń ṣe mí, mà. Mò ń lo oògùn, ó sì ti pẹ́ tó ti gbé mi kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà sọ̀ kalẹ̀, ó kó aṣọ rẹ̀ mọ́ra.

"Kó má fọwọ́ kàn mí o!"

Ọ̀gá ń yọ abẹ́rẹ́ ẹnu tirẹ̀. Mo ti mú báàgì mi. Mò ń bẹ ẹkún pé kó jẹ́ kí n dé ìta ná.

"Bó bá gbé ọ níbí, kí ni ká ṣe?"

Mo rò pé ọ̀gá ń fi mí ṣẹ̀sín ni. Mo wojú rẹ̀. Èsì ló ń dúró dè. Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí, sísá ni wọ́n máa ń sá.

"Ẹ yí mi fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀," ni mo wí. "Ẹ má ki nǹkan kan bọ̀ mí lẹ́nu. Ẹ dúró tì mí títí n ó fi jí."

"Dùbúlẹ̀." Ó kọjú sáwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin náà, ẹ wá gbìyànjú ẹ̀ wò."

Mo dùbúlẹ̀ sáàárín àjákù aṣọ. Wọ́n di èjìká mi mú, wọ́n di ìbàdí mi mú. Wọ́n yí mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Láti ọjọ́ tí àìsàn yìí ti ń gbé mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí èèyàn fọwọ́ kàn mí nítorí rẹ̀ tí ojú mi sì là sílẹ̀. Mo bú sẹ́kún.

"Sunkún tán, kó o dìde," ni ọ̀gá wí. "Oníbàárà ń dúró."