Bẹ́ńṣì Gafar

Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ni mo kọ́kọ́ rí. Kéèkì wà ńbẹ̀, bàlúùn wà ńbẹ̀, létí odò ní Thamesmead nílùú ọba níbí, níbi tí àwọn òyìnbó mẹ́ta ti gún Gafar ọmọ mi pa. Ọ̀bọ ni wọ́n kọ́kọ́ pè é kí wọ́n tó yọ ọ̀bẹ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbé páálí ìwọ́de kiri Powis Street, èmi tí mo ń fọ ìdí arúgbó jẹun ní Plumstead! Gẹ̀ẹ́sì ẹnu mi, ajá ò lè jẹ ẹ́, àmọ́ "racist" yẹn, mo lè pè é.

Ẹgbẹ́ aláàánú kan ló gbé bẹ́ńṣì kalẹ̀ ní ìrántí ẹ̀, àwọn náà ló se àsè yìí. Veronica, alága wọn, dì mọ́ mi.

"Mummy, a mọ̀ pé ẹ̀yin Nàìjíríà máa ń fi òkú ṣàríyá!"

Mo wo Alhaji Jimoh, ará Ìjẹ̀bú bíi tèmi, tó wà nínú ìgbìmọ̀ wọn. Itan adìẹ ti wà lẹ́nu ẹ̀.

"Alhaji, òkú ọ̀fọ̀ lẹ ń jẹun ẹ̀ yìí? Ọmọ tó kú ṣáájú ìyá ẹ̀?"

"Ìyá Gafar, ẹ ṣe sùúrù. Ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò."

"Ẹ nu ọ̀rá ẹnu yín."

Idiat, ìyàwó Gafar, ka ohun tí wọ́n kọ sí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kàn mọ́ ibi ìjókòó: Gafar, tó fi wá sílẹ̀ lójijì.

"Fi wá sílẹ̀?" mo ní. "Ṣé bọ́ọ̀sì ló wọ̀ lọ ni? Veronica, ẹ ṣèlérí pé ẹ máa kọ ọ́ pé nítorí àwọ̀ ẹ̀ ni wọ́n ṣe pa á."

"Ọ̀rọ̀ yẹn ń dun àwọn aládùúgbò, Mummy. Ẹ jókòó, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀."

Ó ń dùn wọ́n!

Mo jókòó. Ìdí mi yìí, tí ọkọ mi olóògbé ń pè ní Woolwich Ferry, ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń gbé mọ́tò sọdá odò, mo gbé e lé irin náà, ó bò ó pátápátá. Gafar, má bínú, ọmọ mi.

"Mummy, ẹ sún díẹ̀, orúkọ ẹ̀ ò hàn," Veronica ní.

"Mi ò sún. Ẹ ya ìdí mi."

"Ẹ̀ ń dójú tì wá o," Alhaji ní.

"Ẹ̀yin lẹ jẹ adìẹ, èmi ni mo dójú tì yín?"

Oníkámẹ́rà tí ilé iṣẹ́ ìròyìn rán wá bi mí pé kí ló dé. Mo sọ ọ́ fún un pátá, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ajá mi.

Òjò dé, oúnjẹ tutù, wọ́n palẹ̀ tábìlì mọ́. Idiat jókòó tì mí. Nígbà tó yá, Veronica padà wá, ó ní kí n dìde, àwọn fẹ́ tú irin náà, àwọn á kọ òmíràn.

Mo ní kó kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n máa kọ síbẹ̀ sí mi létí.